Ìka Tí A Tẹ̀ Sórí Ìwé

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Mọ̀wé, tí ẹ bèèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ máa gbà. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé wa á ní dókítà ni mí. Ọkùnrin tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lẹ́bàá ọ̀nà á ní mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì. Lánlọ́ọ̀dù wa ní tirẹ̀, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, á kàn rẹ́rìn-ín ni, á ní, "Ìwé ni mo rí tó máa ń gbé kiri ṣáá." Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lánlọ́ọ̀dù ló sún mọ́ òótọ́ jù. Ìwé ni mò ń gbé kiri.

N kì í ṣe dókítà, bẹ́ẹ̀ ni n kì í ṣe olùkọ́. Òótọ́ ni pé yunifásítì ló gbà mí síṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tèmi ni láti rí i pé bí àwọn dókítà bá fẹ́ dán oògùn tuntun wò lára èèyàn, wọ́n tẹ̀ lé òfin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí oògùn ọ̀hún tó kan ẹnu aláìsàn kan ṣoṣo, ìwé tó lè kún àpótí ti gba ọwọ́ mi kọjá. Ìgbìmọ̀ tó ń gbèjà àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ kà á. NAFDAC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń náwó lé e lórí gbọ́dọ̀ sọ ohun tí òun máa ṣe bí oògùn bá gbòdì lára ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ìwé kékeré kan wà tó jẹ́ ti aláìsàn fúnra rẹ̀. Ìwé ìyọ̀ǹda là ń pè é. A ó kà á fún un, a ó ṣàlàyé rẹ̀, a ó jẹ́ kó bèèrè ohun tó bá fẹ́, kó tó buwọ́ lù ú. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, a ó gbé yíǹkì síwájú rẹ̀ kó tẹ ìka, níwájú ẹlẹ́rìí.

Ọ̀rọ̀ ìka tí à ń tẹ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi sọ lóṣù yìí. Ó ní ìtàn, ìtàn náà sì kan èmi pàápàá.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a ń ṣe ìdánwò oògùn ibà fún àwọn ọmọdé. Oògùn méjì ni: ọ̀kan jẹ́ èyí tí gbogbo wa ti mọ̀, èkejì jẹ́ tuntun. Ìbafò la ti ń gba àwọn ọmọ náà. Ẹ̀yin náà mọ bí agbègbè wa yìí ṣe rí. Láti ìgbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti ṣí lọ́dún 1978, ẹni tí owó ilé Èkó bá lé jáde, Ìbafò tàbí Mọ̀wé ló ń sá sí. Èrò pọ̀, ilé tí a kò tíì kọ́ parí pọ̀, omi tó dúró sójú kan lẹ́yìnkùlé náà pọ̀, ẹ̀fọn sì ń jayé orí rẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo lọ síbẹ̀ láti yẹ fáìlì wò. Ó jẹ́ àṣà mi pé bí mo bá ti yẹ ìwé wò tán, mo máa ń bi àwọn ìyá bíi mélòó kan léèrè bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yé wọn sí. Mo rí ọ̀dọ́bìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n, mo kí i, mo ní, "Ìyá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ èyí tí ọmọ yín á lò nínú oògùn méjèèjì?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin náà ò mọ̀ ni? Dókítà á wo ọmọ mi dáadáa, á wá yan èyí tó bá ara rẹ̀ mu jù."

Àyà mi já. Kò sí dókítà kankan tó ń yan nǹkan kan. Nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, gègé la máa ń ṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣẹ́ gègé náà, bí ọmọ kan bá ti dé, ohun tó bá jáde ni wọ́n á fún un. Mo yára mú ìwé ìyọ̀ǹda tí a kọ ní Yorùbá, mo kà á. Ọ̀rọ̀ tí ìyá yẹn sọ gan-an ló wà nínú ìwé náà: dókítà yóò yan oògùn tó bá ọmọ yín mu. Nínú èyí tí a kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, gègé ni. Ẹni tó bá wa túmọ̀ rẹ̀ ti rò ó pé kò bójú mu láti sọ fún abiyamọ pé gègé la fẹ́ ṣẹ́ lórí ọmọ rẹ̀, ló bá tún un sọ kó lè dùn létí.

Ó yẹ kí ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí túmọ̀ ti Yorùbá padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ká lè fi méjèèjì wéra. Bí òfin ṣe wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìkánjú wà, òjò ti bẹ̀rẹ̀, ibà ti ń pọ̀ sí i. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ padà ti ní ti Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ohun tó rí níbẹ̀ ló dà kọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló wá buwọ́ lù ú nísàlẹ̀ pé gbogbo rẹ̀ pé, ó péye? Èmi ni.

Mo padà dé ọ́fíìsì, mo sọ fún ọ̀gá wa. Ó gbọ́ tán, ó ní, "Nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo? Bí ìyá yẹn bá mọ̀ pé gègé ni, ṣé kò ní gbà ni? Á gbà, jàre. Ẹ kàn tún un kọ láti ọ̀la lọ." Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó mọ̀ pé bí a bá fi ọ̀rọ̀ náà tó ìgbìmọ̀ létí, wọ́n á dá ìdánwò dúró. Àsìkò òjò á kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ tí a gbà síṣẹ́ á wà láìgbowó. Ẹni tó ń náwó lè bínú lọ. Bí mo bá sì tún gbólóhùn kan kọ ní jẹ́ẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Oògùn méjèèjì kúkú ń ṣiṣẹ́, kò sí ọmọ tó kú, kò sí èyí tí nǹkan ṣe.

N kò rí oorun sùn lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tó di Sátidé, mo gba Ìfọ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbé ní Ìfọ̀, Àlàájà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Èlùbọ́ ni wọ́n tà títí wọ́n fi dàgbà, láyé ìgbà tí rélùwéè àtijọ́ ṣì ń kó èrò àti ẹrù sọ̀ kalẹ̀ ní Ìfọ̀, tí ọ̀nà irin ti pín sí méjì, tí ọ̀kan gba ọ̀nà Ìdógò lọ. Wọn ò kàwé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ìṣirò tan wọ́n jẹ, kó tètè jí. A jẹun tán, mo tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ fún wọn.

Wọ́n ní, "Gègé? Lórí ọmọ ọlọ́mọ? Kí ló fa irú èyí?"

Mo ṣàlàyé. Mo ní, Àlàájà, bí ẹ bá jẹ́ kí dókítà yàn, àwọn tí ara wọn ṣì le ló máa fún ní oògùn tuntun, kó lè dà bíi pé oògùn náà dára. Tàbí kó jẹ́ àwọn tó ti ń kú lọ ló máa fún, nítorí àánú. Lọ́nà méjèèjì, a ò ní mọ èyí tó wò wọ́n sàn. Ní orílẹ̀-èdè Bìrìtìkó, wọ́n dán oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ kan tó ń jẹ́ streptomycin wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1948. Oògùn náà kò tó nǹkan rárá lẹ́yìn ogun, kò lè kárí. Èèyàn 107 ni wọ́n kó jọ, gègé ni wọ́n fi pín wọn: 55 gba oògùn, 52 kàn sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ nígbà náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 4 ló ti kú nínú àwọn tó gba oògùn, 14 ló ti kú nínú àwọn tí kò gbà. Gègé ló jẹ́ kí gbogbo ayé gbà láìjiyàn pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́.

Àlàájà mi orí. Wọ́n ní, "Ó yé mi. Àwọn 52 tí wọn ò fún lóògùn yẹn, ṣé wọ́n sọ fún wọn?"

Ẹ ò rí nǹkan! Ìbéèrè tí ó yẹ kí n ti bi ara mi. Mo ní, rárá o, Mà. Nínú ìwé tí àwọn dókítà náà kọ, àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ pé àwọn tí kò gba oògùn kò mọ̀, títí wọ́n fi kúrò ní ọsibítù, pé wọ́n ń fi àwọn wé àwọn ẹlòmíràn.

Wọ́n ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é?"

Ibẹ̀ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn.

Ẹ ó rántí káàdì yẹ́lò, ìwé pélébé tí wọ́n máa ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń rìnrìn-àjò lọ sókè òkun. Àlàájà gba tiwọn nígbà tí wọ́n ń lọ sí Mẹ́kà. Ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni. Inú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ni abẹ́rẹ́ náà ti wá. Lọ́dún 1925, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní Yaba, l'Ékòó wa yìí, láti wá ìdí àrùn náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọmọkùnrin ẹni ọdún 28 kan ní Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana lónìí. Asibi lorúkọ rẹ̀. Àrùn náà kò ṣe é púpọ̀, ara rẹ̀ yá. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sára ọ̀bọ, ọ̀bọ náà kú. Ó sì tún pa nínú àwọn dókítà: Adrian Stokes kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Japan tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé, kú ní Accra ní oṣù karùn-ún ọdún 1928. Láti inú kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń pè ní 17D, lọ́dún 1937. Wọ́n fún Theiler ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1951. Títí dòní, ìran 17D ni gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà nínú káàdì yẹ́lò wa.

Àlàájà ní, "Kí ni wọ́n fún Asibi?"

Mo ní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ kòkòrò náà, Mà. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Wọ́n fi orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sọ àrùn, ẹ̀yin náà sì pe ìyẹn ní ẹ̀bùn."

N kò fẹ́ ká dá àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ náà lẹ́bi kọjá ibi tó yẹ. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ yẹn máa dà lọ́jọ́ iwájú, àwọn pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ayé kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn. Lórí àrùn yìí kan náà, lọ́dún 1900, Walter Reed, dókítà ológun Amẹ́ríkà, ṣe ìdánwò ní Cuba. Ó kọ àdéhùn sórí ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní èdè Sípéènì tí àwọn tó fẹ́ yọ̀ǹda ara wọn gbọ́, ó kọ ewu tó wà níbẹ̀ síbẹ̀, ó kọ owó tí wọ́n máa gbà. Ẹ rí i pé ó ṣeé ṣe.

Ìtàn kejì wá láti Amẹ́ríkà, òun ló ń dùn mí jù, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ṣe ibi náà. Láti ọdún 1932, ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ẹ̀ka ìlera ìjọba Amẹ́ríkà kó ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 600 jọ. Àgbẹ̀ tálákà ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn 399 ní àrùn ìbálòpọ̀ tó ń jẹ́ syphilis, 201 kò ní in. Ohun tí àwọn dókítà fẹ́ rí ni bí àrùn náà ṣe ń ba ara jẹ́ bí èèyàn kò bá gba ìtọ́jú. Ṣé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Wọn ò sọ. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wọn ni kò dára, pé àwọn ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ burúkú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fa omi láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn wọn, tó jẹ́ pé fún ìwádìí lásán ni, wọ́n kọ lẹ́tà sí wọn pé ìtọ́jú ọ̀fẹ́ pàtàkì ni. Penicillin dé, gbogbo dókítà ti ń lò ó fún àrùn náà nígbà tó fi di 1947. Wọn ò fún wọn. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe é. Ìgbà tí ìwé ìròyìn tú àṣírí rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1972 ni wọ́n tó dá a dúró. Ọdún 1997 ni Ààrẹ Clinton tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó kù láyé.

Nígbà tí mo sọ dé ibi "ẹ̀jẹ̀ burúkú" yẹn, ọ̀rọ̀ pa èmi fúnra mi lẹ́nu mọ́. Àwọn dókítà yẹn náà wá ọ̀rọ̀ tó rọrùn sọ fún àwọn tí kò kàwé. Àwọn náà tún un sọ kó lè dùn létí. Tiwọn jẹ́ ìkà, tiwa jẹ́ àìfarabalẹ̀. Ọ̀nà jìn láàrin méjèèjì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n gbà wọlé.

Ìtàn kẹta kò jìnnà. Kánò ni, lọ́dún 1996. Àrùn yírùnyírùn, èyí tó máa ń mú kí ọrùn ọmọ le gbagidi, ń pa àwọn èèyàn lọ rẹ́kẹrẹ̀kẹ ní òkè ọya. Ilé iṣẹ́ Pfizer wá láti Amẹ́ríkà, wọ́n dán oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan wò ní ọsibítù àwọn àrùn tó ń ràn ní Kánò. Ọmọ 200 ni: 100 gba Trovan, 100 gba ceftriaxone tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ 5 kú nínú àwọn tó gba Trovan, 6 kú nínú àwọn tó gba èkejì. Inú ọgbà ọsibítù yẹn kan náà ni àjọ Médecins Sans Frontières ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí Washington Post gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2000, ariwo ta. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni, àwọn rò pé ìtọ́jú ni bí gbogbo ìtọ́jú. Wọ́n tún ní oògùn àtijọ́ tí wọ́n fún ìdajì àwọn ọmọ náà kò tó bó ṣe yẹ. Pfizer ní àwọn nọ́ọ̀sì ti fi ẹnu ṣàlàyé fún wọn, wọ́n sì ti gbà, pé oògùn àwọn gba ẹ̀mí là, àwọn kò jẹ̀bi. Wọ́n mú lẹ́tà jáde pé ìgbìmọ̀ ọsibítù fọwọ́ sí i. Olórí ọsibítù náà ní nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò yẹn, ọsibítù òun kò ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ dé New York lọ́dún 2001. Lọ́dún 2009, Pfizer àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò parí ọ̀rọ̀ sí mílíọ̀nù 75 dọ́là, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi. Ọdún 2011 ni ìdílé mẹ́rin àkọ́kọ́ tó gba owó, 175,000 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún 15 gbáko! Láàrin ìgbà náà, lọ́dún 2003 sí 2004, Kánò kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ Trovan sì wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn èèyàn má gba dókítà gbọ́ mọ́. Àwọn ọmọ tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ Trovan ló jìyà rẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin òǹkàwé. Ohun tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún jà lé lórí nínú ẹjọ́ Kánò, kì í ṣe oògùn nìkan. Ohun tí ẹnì kan sọ fún ẹnì kejì lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ni: kí ni wọ́n sọ, èdè wo ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣé ó yé ẹni tó gbọ́ ọ?

Àlàájà mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ pa iṣẹ́ náà tì nígbà náà. Ẹ má dán nǹkan wò lára ẹnikẹ́ni mọ́."

Mo ní rárá, Mà. Mo bi wọ́n pé kí ló pa àwọn àbúrò wọn méjì. Wọ́n ní éèyi ni. Mo ní kò sí abẹ́rẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, dókítà òyìnbó kan, David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, rí i bí éèyi ṣe ń pa ọmọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Samuel Katz, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára éèyi, wá láti Amẹ́ríkà, wọ́n jọ dán an wò lára àwọn ọmọ wa. Abẹ́rẹ́ ìgbà náà ń mú ara gbóná, ó ń mú kí ara sú. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí ayé wá abẹ́rẹ́ tó rọ̀ jù ú lọ. Morley yìí kan náà ló ṣe káàdì tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí, ọwọ́ ìyá ni káàdì náà sì máa ń wà, kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù ọsibítù. Ọmọ mélòó ni kò kú mọ́ nítorí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀! Bí a bá pa á tì, ibà á máa pa wọ́n lọ.

Àlàájà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan tí kò kúrò lọ́kàn mi dòní. Wọ́n ní, "Ọ̀gá rẹ ní ìyá yẹn á gbà bó bá mọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà.

"Bó bá dá a lójú pé á gbà, kí ló dé tí ẹ̀rù ń bà yín láti bi í?"

Lọ́jọ́ Ajé, kí ọ̀gá wa tó dé, mo ti kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀. Mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo kọ ọ́ pé èmi ni mo buwọ́ lù ú. Wọ́n dá ìdánwò dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin tí mo fẹsẹ̀ lé, nítorí ó yẹ kí gbogbo ará ìlú mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tí wọ́n dá ẹjọ́ àwọn dókítà Násì tó fi ẹlẹ́wọ̀n ṣe ìdánwò, ní Nuremberg lọ́dún 1947, ilé ẹjọ́ kọ òfin mẹ́wàá sílẹ̀. Èkínní nínú wọn ni pé ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìdánwò gbọ́dọ̀ fínnúfíndọ̀ gbà. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé ṣe tiwọn ní Helsinki lọ́dún 1964. Ní tiwa, ọmọ tó lé ní ọgọ́rùn-ún kú lọ́dún 1990 ní Ìbàdàn àti Jos nítorí oògùn paracetamol olómi tí wọ́n fi májèlé pò; ìyẹn wà lára ohun tó bí NAFDAC, tí òfin rẹ̀ jáde lọ́dún 1993. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Kánò, ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ fún ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n ń fi ṣe ìwádìí ìlera. Ìwé ìlànà rẹ̀ jáde lọ́dún 2007. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 wá fi ọ̀pá òfin tì í lẹ́yìn: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi èèyàn ṣe ìwádìí láìjẹ́ pé onítọ̀hún ti gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀, tó sì ti fọwọ́ sí ìwé. Gbogbo ìwé tí lánlọ́ọ̀dù wa rí tí mò ń gbé kiri, ẹnì kan ti jìyà kí wọ́n tó kọ ọ́.

A tún ìwé náà kọ. Ohun tí a kọ síbẹ̀ nìyí: "Gègé la máa ṣẹ́ láti mọ oògùn tí ọmọ yín á lò. Dókítà kọ́ ló ń yàn án. A ò tíì mọ èyí tó dára jù nínú méjèèjì. Ohun tí à ń wá nìyẹn. Bí ẹ kò bá fẹ́, a ó ṣì tọ́jú ọmọ yín." A wá ẹni tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí, ó túmọ̀ rẹ̀ padà, ó bára mu. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Ó wá ku kí a pe àwọn ìyá náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ká sọ fún wọn pé ohun tí a sọ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe òótọ́.

Iṣẹ́ yẹn le o. Ìyá mẹ́ta yọ ọmọ wọn. Ọ̀kan nínú wọn bú mi, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù dúró.

Ìyá tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ní Ìbafò ló dé gbẹ̀yìn. Mo ka ìwé náà fún un, mo bẹ̀ ẹ́. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó bèèrè ohun tí gègé náà jẹ́, ó bèèrè ẹni tó ń ṣẹ́ ẹ, ó bèèrè ohun tí a máa ṣe bí tuntun bá gbòdì lára ọmọ rẹ̀ lóru. Ó bèèrè pé bí oògùn tuntun bá wá dára, ṣé àwọn ará Ìbafò á rí i rà. Mo dáhùn mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin, mo sọ òótọ́ fún un pé n kò lè ṣèlérí rẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ó ti yé mi. Mo gbà."

Nọ́ọ̀sì gbé yíǹkì síwájú rẹ̀, bó ṣe máa ń gbé e fún gbogbo wọn. Ìyá náà wò ó, ó wò mí.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ fún mi ní bírò. Mo jáde ìwé mẹ́wàá."

Mo fún un ní bírò tèmi. Ó kọ orúkọ rẹ̀ gbọọrọ, ó kọ déètì sí i. Mo ṣí fáìlì rẹ̀ padà sí ojú ewé àtijọ́. Àmì ìka ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, dúdú kìrìmù, níwájú ẹlẹ́rìí. Gbogbo ìgbà yẹn, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó bi í bóyá ó mọ̀wé.